Ẹbí Mi Wá Jẹ́rìí Pé N Kò Nílé

Ọjọ́ kẹta tí mo dé Benin, mo dọ̀bálẹ̀ kí onílé mi ní òwúrọ̀, ọkùnrin náà sì sáré wọlé lọ bu omi wá. Ó rò pé òòyì ló gbé mi lulẹ̀. Kí n tó dìde ṣàlàyé, ó ti da omi náà lé mi lórí, ìyàwó rẹ̀ sì ti ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ mi. Mo wà nílẹ̀ níbẹ̀, aṣọ mi rin gbingbin, mo sì ń rò ó pé ní Ìkirè tí mo ti wá, àdúrà ni wọn ìbá fi dá mi lóhùn.

Kì í ṣe òkè òkun ni mo lọ. Ọkọ̀ tó bá gbéra ní Ìkirè láàárọ̀ á ti já èrò sí Benin kí oòrùn tó wọ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí o bá ti ṣe àwàdà tí ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín, òkè òkun náà nìyẹn. Ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, kò sí ẹni tó pe orúkọ mi. "Yoruba" ni wọ́n ń pè mí níbi iṣẹ́, bí ẹni pé èmi nìkan ni gbogbo ẹ̀yà náà rán wá. Bí wọ́n bá ní ẹ̀sùn sí ẹnikẹ́ni nínú wa, èmi ni wọ́n ń bi. Ọmọ Yorùbá kan ti jẹ obìnrin kan lówó iṣu ní ọjà Oliha kí n tó dé rárá. Wọ́n ní kí n wá ṣàlàyé ìdí tó fi sá lọ.

Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mo ń ṣe, nínú ṣọ́ọ̀bù kan nítòsí Mission Road. Kí n má purọ́, àwọn òkú ló kọ́ mi ní Benin. Àwọn ará ibẹ̀ kì í fi ìsìnkú ṣeré. Wọ́n á tẹ pósítà, wọ́n á tẹ ìwé ètò ìsìnkú, kàlẹ́ńdà, àti abẹ̀bẹ̀ tí fọ́tò olóògbé wà lára rẹ̀. Mo mọ orúkọ àwọn òkú kí n tó mọ orúkọ àwọn alààyè. Mo lè rí ọkùnrin kan tó ń ra búrẹ́dì lójú títì kí n mọ̀ pé ọmọ kẹrin màmá báyìí ni, pé ó ní ẹ̀gbọ́n kan ní Italy, pé wọ́n jà kí wọ́n tó gbà kí orúkọ ìyàwó rẹ̀ wọ inú ìwé. Òun kò mọ̀ mí rí. Bí mo ṣe gbé ìlú náà fún ọdún méjì nìyẹn: mo mọ gbogbo ènìyàn, ẹnikẹ́ni kò mọ̀ mí.

Ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń pe ìyá mi, lẹ́yìn ìsìn. Ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ti ń fi Yorùbá wàásù ni mo ń lọ, ibẹ̀ ni mo sì ti pàdé ìyàwó mi, ọmọ Ọ̀wọ̀. Ìyá mi á kọ́kọ́ bi mí bóyá mo ti jẹun, á bi mí ìgbà tí mò ń bọ̀ wálé, lẹ́yìn náà á wá sọ èyí tó máa ń fi parí ọ̀rọ̀: "Yàrá rẹ wà níbẹ̀ o. Mo gbá a lánàá." Yàrá tí mo sùn sí nígbà tí mo wà lọ́mọdé, nínú ilé bàbá mi, ló ń sọ. Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń mú mi dúró títí di ọjọ́ Àìkú mìíràn. Bí ọ̀gá mi bá bú mi láàárín ọ̀sẹ̀, mo máa ń sọ fún ara mi pé èmi tí ò ń bú yìí, wọ́n ń gbá yàrá mi níbìkan.

Nígbà tó yá, mo dá ṣọ́ọ̀bù tèmi sílẹ̀. Mo ra ààbọ̀ pílọ́ọ̀tì ilẹ̀ kan lẹ́yìn ọjà Santana, mo sì fi ọdún méje kọ́lé sí i, yàrá mẹ́ta àti pálọ̀, pẹ̀lú yàrá méjì lẹ́yìn. A kó wọlé kí a tó rí owó síìlìn. Ní ọ̀sẹ̀ tí a kó wọlé, ẹgbẹ́ àwọn onílé àdúgbò fi ìwé ránṣẹ́ pé kí n wá san owó ọdẹ. Wọ́n kọ "Landlord" síwájú orúkọ mi. Mo san owó náà lọ́jọ́ kan náà, mo sì fi férémù sí ìwé owó ọ̀hún, mo gbé e kọ́ ara ògiri. Ìyàwó mi ní òun kò rí ẹni tó ń gbé gbèsè kọ́ ògiri rí.

Mo pe ìyá mi láti fún un ní ìròyìn ayọ̀. Ó bi mí pé ẹni tó re ọjà, ṣé ọjà ló máa ń kọ́lé sí ni.

Àwọn ọmọ mi méjèèjì, Benin ni wọ́n bí wọn sí. Bí mo bá fi Yorùbá bá wọn sọ̀rọ̀, wọ́n gbọ́ gbogbo rẹ̀, Pidgin ni wọ́n sì fi ń dáhùn. Ọjà wo ni wọn yóò ti darí sílé? Ilé wo?

Ohun tó gbé mi dé ọ̀dọ̀ lọ́yà nìyí. Mo yá owó ní báńkì kékeré kan láti fi ra ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tuntun, báńkì náà sì gba ìwé ilé mi pamọ́. Lẹ́yìn náà, ọkùnrin kan tó fẹ́ ṣe káńsẹ́lọ̀ gbé iṣẹ́ pósítà ńlá fún mi. N kò ní bébà tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ni mo bá lọ gbà á láwìn lọ́wọ́ Osaro, ọmọ Benin tó ń ta bébà fún gbogbo àwa atẹ̀wé. Pósítà kún ìlú. Ìdìbò dé, ọkùnrin náà fìdí rẹmi. Nígbà tí mo lọ gba owó mi, ó mú pósítà kan jáde, ó nà án sí mi lójú, ó ní kí n wò ó dáadáa bóyá fọ́tò yẹn rẹ́rìn-ín tó. Ó ní èmi ni mo jẹ́ kí òun fìdí rẹmi, pé bí ẹnì kan bá máa san owó fún ẹnì kejì nínú ọ̀rọ̀ yìí, èmi ni.

Ọdún yẹn náà ni owó bébà fò lọ sókè. Mo pa owó báńkì jẹ lóṣù kan, mo pa á jẹ lóṣù kejì. Ní oṣù kẹta, Osaro wá jókòó sí pálọ̀ mi.

Kò pariwo. Ó wọlé ní aago méje àárọ̀, ó kí ìyàwó mi, ó jókòó sórí àga tó kọjú sí ilẹ̀kùn, ó ní òun ń dúró de owó òun. Ní aago márùn-ún ó dìde, ó ní ó di ọ̀la. Ọ̀la dé, ó dé. Lọ́jọ́ kẹrin, ìyàwó mi kò lè máa jẹun níṣojú rẹ̀ mọ́, ó bù fún un. Ọ̀sẹ̀ kejì, Osaro sọ pé iyọ̀ ọbẹ̀ ti pọ̀ jù fún ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ìyàwó mi dín iyọ̀ kù. Òjò kan rọ̀, òrùlé jò sí ẹ̀gbẹ́ àga rẹ̀. Ó jáde lọ, ó mú kápẹ́ńtà wá, ó san owó rẹ̀. Ó ní òun kò lè máa wò kí ilé tí òun máa fi gba owó òun bàjẹ́. Ó kọ owó kápẹ́ńtà náà mọ́ gbèsè mi. Àwọn aládùúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í kí i ní landlord.

Gbogbo ènìyàn ló ní ìmọ̀ràn fún mi. Pásítọ̀ wa ní kí n yí ilé náà sí orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì, pé ta ló máa lè gba ilé lọ́wọ́ Ọlọ́run. Akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn Yorùbá ní kí n yí i sí orúkọ ìyá mi. Ìyàwó mi ní kí n yí i sí orúkọ òun, ó sì fi kún un pé òun kò ní lé mi jáde bí mo bá hùwà ọmọlúwàbí. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ ló wá sọ fún mi pé òfin kan wà tí ènìyàn fi ń lọ sí ilé-ẹjọ́ fúnra rẹ̀, tí á fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ti wọko gbèsè, agbára òun kò ká a mọ́, kí ilé-ẹjọ́ bá òun pín ohun tó kù fún àwọn olówó. Báńkírọ́ọ̀pù ni wọ́n ń pè é. Ó ní bí wọ́n bá ti ṣe é fún ènìyàn, kò sẹ́ni tó tún máa jókòó sí pálọ̀ rẹ̀.

Lọ́yà tó mọ̀ nípa rẹ̀ wà ní GRA, obìnrin ni, owó àkọ́kọ́ rẹ̀ sì jẹ́ ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta náírà. N kò ní ogún. Mo rò ó kiri, mo rò ó bọ̀. Osaro tó wà lórí àga bi mí pé kí ló dé tí mò ń mí kanlẹ̀ láti àárọ̀. Mo sọ òtítọ́ fún un: mo ń wá owó lọ́yà tí yóò jẹ́ kí n má lè san owó rẹ̀. Ó bi mí bóyá lọ́yà náà já fáfá. Mo ní wọ́n ní ó já fáfá. Ó ka owó náà fún mi, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Lọ́yà náà kò fi ọ̀rọ̀ mi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún mi bí ẹni ń tú aṣọ ìfọ̀. Ó ní ohun àkọ́kọ́ tí onílé gbọ́dọ̀ mọ̀ ni pé kò gbọdọ̀ yí ilé sí orúkọ ẹnikẹ́ni lẹ́yìn tí gbèsè ti dé. Ilé-ẹjọ́ á dá a padà, ẹni tó ṣe é sì lè fi ẹ̀wọ̀n jura. Ó ní báńkì tó mú ìwé ilé mi lọ́wọ́ kò sí lórí ìlà pẹ̀lú àwọn yòókù. Báńkírọ́ọ̀pù kò lè wẹ ọwọ́ báńkì kúrò lára ilé náà. Wọ́n lè tà á, wọ́n á mú tiwọn, ìyókù ni àwọn bí Osaro á pín, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ owó ilé-ẹjọ́ àti owó aṣojú ìjọba tó máa bójú tó o. Wọn kò ní gba aṣọ tí mò ń wọ̀ tàbí ibùsùn wa tàbí àwọn irinṣẹ́ kéékèèké tí mo fi ń jẹun. Ṣùgbọ́n oyè báńkírọ́ọ̀pù náà kì í ṣe ohun àmúyangàn. Bí wọ́n bá ti kéde mi, n kò ní lè du ipò káńsẹ́lọ̀, n kò ní lè du ipò sẹ́nétọ̀, n kò sì ní lè ṣe ààrẹ Nàìjíríà.

N kò gbèrò láti ṣe ààrẹ rí. Síbẹ̀ ó dùn mí.

Ó wá ní kí n ka gbogbo ohun tí mo ní fún òun, kí n má fi ìkankan pamọ́. Mo kà á: ilé, ẹ̀rọ, fíríìjì, kẹ̀kẹ́ àwọn ọmọ, adìẹ mẹ́fà. Ó bi mí bóyá mo ní ilé mìíràn níbòmíràn. Ibí yìí gan-an ni mo ti ṣìwà hù. Láti àárọ̀ ni mo ti ń ka òṣì mi sílẹ̀ fún obìnrin yìí, mo sì fẹ́ kó mọ̀ pé mo ti ibìkan wá. Mo na ọrùn sókè, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, bàbá mi kọ́lé sí Ìkirè, ilé alágbàlá, yàrá méjìlá, mo sì ní tèmi níbẹ̀ tí wọ́n ń gbá lójoojúmọ́. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní ó gbọ́dọ̀ wọ inú ìwé tó ń lọ sí ilé-ẹjọ́ nìyẹn, àyàfi bí àwọn ẹbí mi bá lè wá búra pé ilé ẹbí ni, kò sí apá kan níbẹ̀ tí mo lè tà.

Mo pe ìyá mi lọ́jọ́ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ọjọ́ Àìkú. Mo ní wọ́n fẹ́ ṣe mí ní báńkírọ́ọ̀pù. "Báńkì" nìkan ni ìyá mi gbọ́ níbẹ̀, ó rò pé ipò ni. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó ní òun ti mọ̀ pé ilé-ìwé tí òun rán mi lọ kò ní já sásán, ó sì ti pe obìnrin yàrá kejì láti wá bá òun dúpẹ́ kí n tó rí àyè sọ ìyókù. Nígbà tí mo ṣàlàyé tán, tí mo dé orí ibi tí ilé-ẹjọ́ Benin ti fẹ́ kọ ilé bàbá mi sínú ìwé gbèsè, n kò gbọ́ ìdúpẹ́ mọ́. Ó ní kí n má kúrò lórí fóònù, ó sì sáré jáde pẹ̀lú rẹ̀, mo ń gbọ́ sálúbàtà rẹ̀ lórí símẹ́ǹtì títí dé ẹnu ọ̀nà Bàbá Múfútàù, àbúrò bàbá mi, tó jẹ́ olórí ẹbí.

Lọ́jọ́ kẹta, ènìyàn méje sọ̀ kalẹ̀ ní gáréèjì ní Benin, Bàbá Múfútàù ló ṣíwájú, ìyá mi gbé àpò dòdò Ìkirè lọ́wọ́. Láti ọdún tí mo ti ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wá wo ilé mi, wọn kò wá. Gbèsè mi ló mú wọn wá.

Wọ́n kún ọ́fíìsì lọ́yà náà dé ẹnu ilẹ̀kùn. Lọ́yà kò gbọ́ Yorùbá, àwọn ẹbí mi kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó ilé-ẹjọ́, èmi ni mo ń túmọ̀. Bàbá Múfútàù ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní kí n sọ fún obìnrin náà pé ọmọ àwọn ni mí, àwọn kò sẹ́ mi. "Àwa la ni ín. Òun ni kò ní nǹkan kan lọ́dọ̀ wa." Mo túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe sọ ọ́.

Lọ́yà bi ìyá mi bóyá mo ní yàrá nínú ilé náà. Mo yíjú sí ìyá mi, mo sì bi í ní ìbéèrè náà nípa ara mi. Ìyá mi ń wo àpò dòdò tó wà lórí itan rẹ̀.

Ó ní, "Sọ fún un pé kò ní."

Mo rò pé nítorí ilé-ẹjọ́ ló ṣe sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní, "Màmi, òtítọ́ ni wọ́n fẹ́ kí ẹ sọ."

"Òtítọ́ ni mo ń sọ. Tíṣà kan ló ń gbé ibẹ̀. Ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án."

"Ẹ ní ẹ̀ ń gbá a."

"Mò ń gbá a. Tíṣà náà kì í gbálẹ̀."

Lọ́yà bi mí pé kí ni wọ́n sọ. Ìyá mi gbójú sókè nígbà náà, kò sì bẹ̀bẹ̀. Ó ní, "Owó ilé tó ń san ni mo fi ra fóònù tí o fi ń gbọ́ ohùn mi."

Mo yíjú padà sí lọ́yà, mo ní wọ́n ní n kò ní yàrá níbẹ̀. Ó kọ ọ́ sínú ìwé, ó kà á, mo túmọ̀ rẹ̀: pé ọkùnrin yìí kò ní yàrá, kò ní ògiri, kò ní ilẹ̀, kò sí ohun tí ó lè tà tàbí fi yáwó nínú ilé náà. Bàbá Múfútàù bọwọ́ lù ú. Ìyá mi tẹ àtàǹpàkò rẹ̀ síbẹ̀, ó ń nu yíǹkì náà sí etí ìró rẹ̀. Lọ́yà bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní mo kú oríire. Nígbà tí a jáde sí abẹ́ igi ní iwájú ọ́fíìsì, àwọn ẹbí mi náà ní mo kú oríire, wọ́n sì pín dòdò láàárín ara wọn.

Mo ti ń rò ó láti ìgbà náà. Ọdún mẹ́sàn-án ni yàrá kan tí kò sí gbé mi ró. Ẹni tó bá ti bú mi, yàrá yẹn ni mo sá sí, tíṣà kan sì ń sùn níbẹ̀. Inú bí mi sí ìyá mi fún ìwọ̀nba wákàtí díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo rántí pé èmi náà, ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ń sọ fún un pé ọdún tó ń bọ̀ ni mò ń bọ̀ wálé.

Lọ́yà ní kí a tó gbé ìwé lọ sí ilé-ẹjọ́, kí n pe gbogbo àwọn tí mo jẹ lówó jọ, kí wọ́n gbọ́ ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan máa rí gbà. Pálọ̀ mi ni a ti ṣe é, ní ọ̀sán ọjọ́ kejì. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan wá láti báńkì. Osaro kò ní láti wá, ó ti wà níbẹ̀. Lọ́yà ṣírò rẹ̀ fún wọn: bí wọ́n bá ta ilé náà pẹ̀lú ìkánjú, tí báńkì bá mú tirẹ̀, tí ilé-ẹjọ́ bá mú tirẹ̀, ohun tó máa kan Osaro kò ní tó owó kápẹ́ńtà tó san. Osaro wo òkè, síbi tí ó ti tún òrùlé ṣe.

Ọ̀rọ̀ wá bẹ́ sílẹ̀ láàárín òun àti Bàbá Múfútàù. Pidgin ni Osaro ń sọ, Yorùbá ni Bàbá ń sọ, èmi sì wà láàárín. Bàbá ní kí n bi í pé irú ọkùnrin wo ló ń jókòó sí pálọ̀ ọlọ́mọ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ bí ère. Mo dín in kù díẹ̀. Osaro wo ojú Bàbá, ó wo ojú mi, ó ní kí n tún un túmọ̀, kí n sì túmọ̀ rẹ̀ dáadáa lọ́tẹ̀ yìí. Òun náà dá a padà: ó ní ẹ̀gọ̀ ni mí, pé ènìyàn tó gbé iṣẹ́ fún olóṣèlú láìgba owó sílẹ̀, kò yẹ kí wọ́n fi ọ̀bẹ sí ìkáwọ́ rẹ̀. Mo túmọ̀ rẹ̀ láìfi ẹyọ kan sílẹ̀. Bàbá ní òótọ́ ni, kí n sọ fún un pé òun gbà pẹ̀lú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe dúró láàárín wọn, tí mò ń fi èdè méjì bú ara mi.

Nígbà náà ni Osaro sọ ohùn rẹ̀ kalẹ̀. Mo túmọ̀ bó ṣe ń sọ ọ́, n kò dúró ronú: "Bàbá mi wà ní mọ́ṣúárì láti oṣù mẹ́jọ. N kò rí owó sin ín. Bí mo bá wà nílé, àwọn ẹ̀gbọ́n mi obìnrin á máa bi mí pé ìgbà wo. Ìdí tí mo fi ń wá jókòó síbí nìyẹn."

Bàbá Múfútàù dìde. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó bi mí pé bàbá mi wo, ṣé ẹ̀gbọ́n òun tí àwọn fi ọwọ́ ara àwọn sin sí Ìkirè ní ogún ọdún sẹ́yìn ni mò ń sọ pé ó wà ní mọ́ṣúárì.

Mo ní, "Bàbá, bàbá tirẹ̀ ni."

Bàbá Múfútàù wo Osaro. Ó fa àga rẹ̀ kọjá tábìlì, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀, ó jókòó, ó sì mú ọwọ́ rẹ̀ dání. Ó ní, "Ẹ kú ọ̀fọ̀. Ẹ kú ìrọ́jú." Osaro kò ní kí n túmọ̀.

Oṣù mẹ́jọ ni ọkùnrin yẹn fi ń ru òkú bàbá rẹ̀ kiri lọ́kàn. Àwọn òkú ìlú náà ni mo sì fi ń jẹun. N kò mọ̀ pé èmi ni mo dá ọ̀kan nínú wọn dúró.

Kò sí iṣẹ́ ìyanu nínú bí a ṣe parí rẹ̀. Bàbá bi í ohun tí ìsìnkú náà máa ná an, Osaro kà á, ó sì jẹ́ pé ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ ló jẹ́ nǹkan tí wọ́n ń tẹ̀. Mo ní màá tẹ gbogbo rẹ̀, kó yọ ọ́ kúrò nínú owó rẹ̀. Bébà ni kó gbé wá. Ọ̀dọ́mọbìnrin báńkì náà pe ọ̀gá rẹ̀ lórí fóònù lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n gbà kí n fi ilé iwájú háyà, kí owó ilé náà máa lọ tààrà sọ́dọ̀ wọn títí gbèsè yóò fi tán, kí èmi àti ìdílé mi kó lọ sí yàrá méjì tó wà lẹ́yìn. Osaro gbà láti máa gba ìyókù díẹ̀díẹ̀. Lọ́yà ti fáìlì rẹ̀ pa. Ó ní ọ̀nà ilé-ẹjọ́ kò dí, bí èyí bá kùnà kí n padà wá, ṣùgbọ́n onílé tó bá lè bá àwọn olówó rẹ̀ jókòó kó má tíì sáré lọ sọ́dọ̀ adájọ́. Ìyá mi ní kí n bi í bóyá mo ṣì lè ṣe ààrẹ. Ó ní mo ṣì lè ṣe é.

Lẹ́kítọ́rà yunifásítì kan ló háyà ilé iwájú. Ní ọjọ́ tó kó wọlé, mo gbé fíríìjì wa gba ẹ̀gbẹ́ ilé lọ sí ẹ̀yìn, ọkùnrin náà sì fún mi ní igba náírà, ó rò pé alábàárù ni mí. Mo gbà á. A fi ra búrẹ́dì.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi tẹ iṣẹ́ Osaro. N kò tẹ nǹkan tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo to orúkọ àwọn ọmọ lẹ́sẹẹsẹ, mo bá wọn parí ìjà lórí orúkọ ìyàwó ta ló yẹ kó ṣíwájú, mo sì tún fọ́tò bàbá náà ṣe títí ojú rẹ̀ fi mọ́. Lọ́jọ́ ìsìnkú, mo gbé abẹ̀bẹ̀ tó kù lọ sí àgbàlá wọn fúnra mi, mo fẹ́ gbé e kalẹ̀ kí n sì máa lọ. Èrò pọ̀. Àwọn àgbààgbà ìdílé jókòó lórí bẹ́ǹṣì gígùn kan lábẹ́ kánópì, aṣọ funfun ni gbogbo wọn wọ̀. Ọ̀kan nínú wọn, tó dàgbà jù, rí mi tí mo dúró sí ẹ̀gbẹ́ òpó, ó sì fi Edo bi Osaro ní ìbéèrè kan. Edo mi kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ìyẹn. Ó bi í pé ta ló ni ọkùnrin yìí.

Osaro wẹ̀yìn, ó wò mí. Ó ní, "Èmi ni mo ni ín."

Bàbá náà bi í báwo. Ojú òun kò mọ̀ mí nínú ìdílé.

Osaro ní, "Ó jẹ mí lówó."

Bàbá náà mi orí, bí ẹni pé okùn ìbátan tó mọ̀ dáadáa nìyẹn. Ó sún sí ẹ̀gbẹ́ lórí bẹ́ǹṣì, ó fi ọwọ́ gbá àyè tó ṣí sílẹ̀, mo sì lọ jókòó.